Aṣọ Ẹsẹ̀ Ọkọ̀

"Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín lọ, ẹ kàn máa gbọ́," ni tíṣà èdè Gẹ̀ẹ́sì wí fún obìnrin tó ń bá a lẹ táyà ọkọ̀ rẹ̀ tó jò. "Nígbà tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹṣin ṣì jẹ́ igi, irin ni wọ́n ń fi yí i po. Àwọn Òyìnbó ní aṣọ ni wọ́n wọ̀ fún un. Inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe aṣọ wíwọ̀ ni orúkọ táyà ti jáde."

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Obìnrin náà wo ọrùn ẹ̀wù tíṣà, ó yára gbójú kúrò.

"Ẹ má rò pé mo gbọ́n o. Mo mọ ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ìyàwó mi ní gbogbo ìwé tí mo kà ò lè gbé omi kaná."

"Níbo lẹ wá ti ń bọ̀?"

"Wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fún ipò ọ̀gá ilé-ìwé. Ìtàn táyà yìí náà ni mo sọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò ń rẹ́rìn-ín ṣáá, màmá àgbà tó wà láàárín wọn tiẹ̀ ń nu omijé. Iṣẹ́ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́!"

Obìnrin náà de nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn, ó nu ọwọ́.

"Tíṣà, ẹ má bínú. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín ti wọṣọ. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ, kẹ́yin náà lọ tún tiyín wọ̀. Òdì lẹ wọ ẹ̀wù yín."

Tíṣà fọwọ́ wá àpò àyà rẹ̀. Inú ló wà.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í nu omijé.