Tábìlì Fàúsát Lẹ́nu Géètì

Job Ẹkúndayọ̀ ti pinnu pé kí oṣù kọkànlá ọdún 2002 tó parí, tábìlì Fàúsát gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ike l'Ágídìngbì. Òun ni olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́.

Ó nídìí tó fi kórìíra irú òwò tí ọmọbìnrin náà ń ṣe. Láyé àwọn ológun, àwọn kan gbé ètò kan wá: mú èèyàn mẹ́ta wá, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn náà mú mẹ́ta wá, gbogbo yín á di olówó. Ẹkúndayọ̀ mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀ ọ́, ó mú àna rẹ̀, ó mú èèyàn mọ́kànlá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn elétò náà kó owó gbogbo wọn, wọ́n na pápá bora. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú láìtún bá a sọ̀rọ̀. Ó búra pé títí òun yóò fi kú, ẹnu òun kò tún ní mú ẹnikẹ́ni wọ nǹkan kan, ó sì ń pa ìbúra náà mọ́.

Láìnì fóònù alágbèéká ni Fàúsát ń tà. Kò tíì ju ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lọ tí nǹkan ọ̀hún dé Èkó. Bí oníbàárà bá ra láìnì, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó sọ fún un nípa rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, onítọ̀hún á sì jẹ èrè. Àwọn tó ń tà á n'Íkẹjà máa ń kọ orúkọ àbúrò wọn síbẹ̀. Fàúsát kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì tó gbé tábìlì fún un ti sọ fún un pé bí ọgbọ̀n èèyàn kò bá rà kí oṣù tó parí, àwọn yóò gba tábìlì náà. Ọdún méjì ló fi wáṣẹ́ kó tó rí èyí. Kò ní òmíràn.

Lọ́jọ́ kìíní, Ẹkúndayọ̀ jáde sí i.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kó o gbé igi kalẹ̀ síbí?"

"Ẹ káàárọ̀, sà. Etí títì ni mo wà. Mi ò wọ inú ọgbà yín."

"Ẹ̀yin mú-èèyàn-wá. Mo mọ̀ yín dáadáa. Nǹkan yìí, ṣé ó dé Adó?"

"Kò tíì dé Adó, sà."

"Tí mo bá sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ńkọ́?"

"Owó odidi ìṣẹ́jú kan ni wọ́n máa yọ, sà."

"O wá ń tà á fún ọmọ ọlọ́mọ?"

"Bó ṣe rí ni mò ń sọ fún yín, sà."

Ìdáhùn yẹn bí i nínú ju irọ́ lọ. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń bá òpùrọ́ jà.

Láti ọjọ́ kejì, bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti tò láàárọ̀ kí wọ́n tó wọlé, Ẹkúndayọ̀ á dúró níwájú wọn. "Ẹ má dé ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn o! Láìnì fóònù ló ń tà. Kò dé Adó, kò dé Ọ̀wọ̀. Ẹ ní hẹ́lò lásán, owó ìṣẹ́jú kan ti lọ. Tẹ́ ẹ bá gbé e dé ìdí ẹ̀rọ, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan." Púpọ̀ nínú wọn ti rò pé ìwé tẹ́tẹ́ ló wà lórí tábìlì náà.

Nùréènì, tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, jáde lọ́sàn-án.

"Wọ́n ní kò dé Ọ̀wọ̀."

"Kò dé ibẹ̀."

"Wọ́n ní mi ò ní gbọ́ nǹkan kan nídìí ẹ̀rọ."

"Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ máa ní láti jáde síta."

Nùréènì wò ó. Láti ọjọ́ tó ti ń gbé l'Ágége, kò tíì rí i kí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta ọjà àti ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bú u dọ́gba.

"Agége ńkọ́? Ibẹ̀ níyàwó mi wà."

"Ó dé Agége."

Ó rà á. Fàúsát bi í ní ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù, ó kọ ohun tó dáhùn gẹ́lẹ́, ó ní kó fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì, Ọládùnní tó ń di ẹrù jáde, àwọn méjì sì tẹ̀ lé e.

Bí wọ́n ṣe ń rà á ni inú Ẹkúndayọ̀ ń ru. Ohùn rẹ̀ láàárọ̀ wá le sí i. Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, ó gbé tábìlì náà jù sínú gọ́tà.

"Kí ni mo fi ṣe yín, sà?" ni Fàúsát bi í.

"Ṣé kí n wá dúró kó o ṣe mí ni?"

Fàúsát sunkún lọ́jọ́ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló fa tábìlì náà jáde, ó sì sá àwọn fọ́ọ̀mù rẹ̀ sórí bulọ́ọ̀kù.

Ẹkúndayọ̀ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì n'Íkẹjà. Ó ní ọmọ náà ń da àwọn òṣìṣẹ́ láàmú, kí wọ́n wá mú un kúrò níwájú òun.

Lọ́jọ́ tí oṣù parí, ọkọ̀ ọ́fíìsì dé. Olúṣínà, ọ̀gá ibẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ pé jọ. Fàúsát dìde, ó sorí kọ́.

"Ta ni Ọ̀gbẹ́ni Job Ẹkúndayọ̀?"

"Èmi nìyí." Ó ti lọ aṣọ rẹ̀ de ọjọ́ yẹn. "Ẹ ṣáà bá mi gbé tábìlì yìí lọ."

Olúṣínà fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní tábìlì náà kò ní lọ síbì kankan, torí èèyàn méjìdínlógójì ló ti ra láìnì nídìí rẹ̀, orúkọ Job Ẹkúndayọ̀ sì ni gbogbo wọn dá nínú fọ́ọ̀mù pé òun ló sọ fún àwọn, kò sì sí ẹlòmíràn tó mú èèyàn wá tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Èkó lóṣù náà.