Dírẹ́bà Rélùwéè Ra Mọ́tò

Dírẹ́bà rélùwéè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì dẹtí sí ẹ́ńjìnnì mọ́tò pupa kan, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ àtijọ́. Tòkunbọ̀ ni, kékeré, epo dísù ló ń mu, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa ṣí sókè.

"Eré rẹ̀ pọ̀ o, Bàbá," Alhaji Búsàrí tó fẹ́ tà á ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n wá dírẹ́bà fún yín."

"Èmi tí mo fi rélùwéè ṣayé? Ẹni tó ń da erin, ṣé ewúrẹ́ ni yóò gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀?"

Bàbá wọlé sídìí ọkọ̀, Alhaji wọ ẹ̀yìn, ìyàwó Bàbá jókòó tì í níwájú. "Bàbá Adétóyè, bí ẹ bá wà á dé Ojoku, a ó rà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀kadà la ó máa gùn lọ."

Mọ́tò ta sọ́nà. Bàbá gbé ọwọ́ kan lé itan, ó ń fi èkejì tẹ fèrè. Àfi bí títì ṣe yà sósì, tí mọ́tò kò yà. Inú oko ẹ̀gẹ́ ni wọ́n bá ara wọn.

"Kí ló dé tẹ́ ò yí i?" Alhaji kígbe láti ẹ̀yìn.

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀ tìyanu-tìyanu. "Rélùwéè máa ń yà fúnra rẹ̀ ni."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ká ìró sókè, ó ní kí ọkọ òun sún. Ó fi ẹ̀yìn yọ mọ́tò kúrò láàárín ebè, ó kọjú rẹ̀ sí Ojoku.

"Ta ló kọ́ ọ?" Bàbá bi í.

"Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé rélùwéè lọ Kaduna, ẹ rò pé oorun ni mò ń sùn?"

Bàbá na ọwọ́ kọjá níwájú rẹ̀, ó tẹ fèrè.