Ọjọ́ Tí Ìyá Gun Àpáta

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù tí Aránṣọ fi dé ìdí àpáta. Ìdí tábìlì ni wọ́n fi í sí, pẹ̀lú bírò àti ìwé, kó máa kọ orúkọ àwọn tó ń bọ̀ wá síbi àjọ̀dún. Láti ọdún méjì tí ọkọ rẹ̀ ti jábọ́ níbẹ̀ tó sì kú, iṣẹ́ ìwé nìkan ni ẹgbẹ́ agùnpáta ń fún un. Kò bá wọn jiyàn. Ara rẹ̀ kàn ti kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́.

Ọjọ́ kejì ikú náà ni Bàbá Onílẹ̀ fi wáyà dí ọ̀nà. Ó ní àfi bí ìyá ọmọ tó kú bá sọ fún òun fúnra rẹ̀ pé kí òun ṣí i. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ fi tọrọ àyè ọjọ́ kan ṣoṣo yìí: wọ́n to òkúta sí ojú ọ̀nà tí àgbàrá ti wọ́, wọ́n ṣa ìdọ̀tí, wọ́n sì ránṣẹ́ sí Ìyá, ìyá ọkọ Aránṣọ. Bó bá kọ̀, ó parí nìyẹn.

Ẹgbẹ́ ti kọ̀wé lórí ikú náà: àṣìṣe ni, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹnu ayé kì í ṣe ihò tí wọ́n ń fi ìwé dí. Bí Aránṣọ bá ń kọjá, ohùn àwọn èèyàn a lọ sílẹ̀.

"Ìyàwó wa, ṣé Ìyá máa wá?" Alága ẹgbẹ́ ló bi í.

"Mi ò mọ̀, Alága. Àtọjọ́ ìsìnkú la ò ti sọ̀rọ̀."

Ọ̀sán pọ́n kí Ìyá tó dé. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ṣòkòtò ọmọ rẹ̀ ló wọ̀, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Kò wo ìdí tábìlì.

"Ìyá, ẹ̀yin la ń dúró dè," ni Bàbá Onílẹ̀ wí. "Ká ṣí i àbí ká tì í?"

"Màá gùn ún ná. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ láàyè, kẹ́ ẹ ṣí i."

"Háà! Ìyá, àpáta ò mọ àgbà o."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n rí. A ó mọ ara wa lónìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Alága de bẹ́líìtì mọ́ ọn nídìí, ó so okùn mọ́ ọn. Okùn náà gba inú irin kan kọjá lókè, ó sì tún wálẹ̀; ẹnì kan gbọ́dọ̀ di ìdí rẹ̀ mú.

"Kẹ́ ẹ tó gbẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ bi ẹni tó wà nídìí okùn pé ṣé ó dì í mú. Bí ẹ ò bá gbọ́ èsì, ẹ má lọ," ni Alága wí.

Ọkùnrin mẹ́ta tí igbá àyà wọn fẹ̀ ló jáde síwájú láti di okùn mú. Ìyá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó wá fa ìdí okùn náà lọ sídìí tábìlì, ó gba bírò lọ́wọ́ Aránṣọ, ó sì fi okùn sí i lọ́wọ́.

Ẹ̀rù ba Aránṣọ. Ó dìde, ó fọwọ́ kan gbogbo kókó okùn náà lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ṣé o dì í mú?" Ìyá bi í, ó kọjú sí àpáta.

"Mo dì í mú," ni Aránṣọ dáhùn, èsì kan náà tó fún ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí okùn bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.