Ìwé Tí Ọ̀gá Harold Kò Tètè Buwọ́ Lù

Ọ̀gá Harold kì í ṣe ọ̀mùtí, kì í ṣe alágbèrè, kò sì na ìyàwó rẹ̀ rí. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni ojú ayé. Kí ni ayé yóò wí? Ìbéèrè yẹn ló fi ń sùn, òun náà ló fi ń jí. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ sì rẹwà débi pé àwọn tíṣà kékeré máa ń sín in jẹ. Ní ọdún 1986, ìjọ rẹ̀ yàn án láti jẹ Bàbá Ìjọ ní ọjọ́ ìkórè, nínú oṣù kọkànlá. Òun àti Mobọ́lájí ìyàwó rẹ̀, tí yóò jẹ Ìyá Ìjọ, ni yóò jọ gòkè lọ síwájú pẹpẹ, tí gbogbo ìjọ yóò máa wò wọ́n.

Oṣù kẹfà ọdún náà ni Mobọ́lájí fọwọ́ kan kókó kan nínú ọmú òsì rẹ̀. Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

“Jẹjẹrẹ ni, sà,” ni dókítà wí fún Harold, “ṣùgbọ́n ó ṣì kéré. Tí a bá gé ọmú náà lóṣù yìí, ìyá á yè é. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.”

Ó fún Harold níwèé tí ọkọ gbọ́dọ̀ buwọ́ lù kí àwọn tó lè dá ọjọ́. Ó sì kọ ohun tí Mobọ́lájí yóò kó wá: òwú, báńdéèjì, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, nítorí kò sí irú wọn nílẹ̀ níbẹ̀.

Bí Harold ti ń wakọ̀ bọ̀, kì í ṣe ikú ló ń rò. Ó ń wo ìyàwó rẹ̀ lọ́kàn níwájú pẹpẹ, tí bùbá rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lápá kan, tí àwọn obìnrin ìjọ ń fìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. “Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́,” ló wí fún ara rẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká ṣe ìkórè tán ná.” Ó ki ìwé náà sínú ìwé orin àtijọ́ kan, ó sì tì í mọ́ àpótí.

“Mo ti buwọ́ lù ú, mo ti dá a padà,” ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. “Wọ́n ní kò tíì sí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n máa ránṣẹ́.”

Mobọ́lájí gbà á gbọ́. Ó di báàgì rẹ̀, ó gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, á tú u, á tún aṣọ àwọ̀sùn ká, á tún òwú tò.

“Bàbá Lará, ṣé wọn ò tíì ránṣẹ́?”

“Wọn ò tíì ránṣẹ́.”

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ó ní òun yóò lọ béèrè fúnra òun.

“Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni?” ni Harold jágbe mọ́ ọn. “Ìwọ lo fẹ́ kọ́ dókítà níṣẹ́?”

Mobọ́lájí dákẹ́. Kókó náà kò dákẹ́.

Ìkórè dé, wọ́n gòkè. Bùbá gún régé lára Mobọ́lájí, ìjọ pàtẹ́wọ́, inú Harold dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Kò mọ̀ pé òwú inú báàgì ni ìyàwó òun tẹ́ sínú aṣọ. Kókó náà ti bẹ́, ó sì ń ṣomi.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Harold buwọ́ lùwé, ó sì gbé e lọ. Dókítà wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ títí.

“Sà, oṣù kẹfà ni mo fún yín níwèé yìí.”

Ojú Mobọ́lájí lọ sára ìwé náà, ó wá sójú ọkọ rẹ̀.

Wọ́n gé ọmú náà, ṣùgbọ́n àrùn ti wọ abíyá, ó ti dé egungun ìhà. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ọmọlará, ọmọ wọn tó ń ṣe tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, wá tọ́jú ìyá rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń bá a na apá òsì sókè lára ògiri gẹ́gẹ́ bí àwọn nọ́ọ̀sì ti kọ́ wọn. Lóṣù kìíní, ọwọ́ náà dé ojú fèrèsé. Lóṣù kejì, kò kúrò lórí itan mọ́. Egbò náà kò san.

Harold kúnlẹ̀ tì í. “Ìyá Lará, foríjì mí.”

“Mo ti foríjì yín,” ni Mobọ́lájí dáhùn. “Ṣùgbọ́n Bàbá Lará, oṣù kẹfà ni mo ti di báàgì yẹn.”

Nínú oṣù kẹta ọdún 1987, ó kú. Akọ̀wé ilé ìwòsàn na ìwé sí Harold kó lè gba òkú. Harold gba bírò, ó sì buwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀.

“Ẹ tètè buwọ́ lu èyí o, Dádì,” ni Ọmọlará wí lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, kò dé ilé bàbá rẹ̀ mọ́. Bàbá Ìjọ nìkan ló ń jókòó níwájú lọ́jọ́ Ìsinmi, àga Ìyá Ìjọ ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo ayé sì ń wò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ti Harold, ẹ fi kọ́gbọ́n. Àìsàn kì í dúró de ayẹyẹ. Ọkọ tí ẹ̀mí aya rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó má fi tọrọ ìyìn lọ́wọ́ àwọn tí kò ní bá a sunkún dalẹ́. Ìyàwó tí wọ́n bá sì ní kó dúró de ìránṣẹ́, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ béèrè. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú péjọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.