Ọparun Abẹ́ Odò

Ọdún tí afárá wa wó ni mo kọ́kọ́ gbọ́ àlọ́ yìí, lẹ́nu ìyá tó bí ìyá mi. Àlọ́ náà kò yà sílé ọba, ọ̀dọ̀ Òkété ló gbà lọ, ẹni tó ki ẹnu ọparun kan bọ inú òmíràn lábẹ́ odò, tó fi ìda oyin dí i, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé omi kan irun wọn.

Òkété ní ẹni tó bá ṣe irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún òun ní ẹyìn.

Ikún bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Àgbọ̀nrín, ẹ dá ẹjọ́ yìí! Ta ni kò mọ ọparun? Ta ni kò mọ̀ pé omi kì í wọ ìda oyin? Ohun tójú gbogbo wa rí ni Òkété ní òun dá!"

Àgbọ̀nrín ní, "So tìrẹ láìwo tirẹ̀. Bómi ò bá wọlé, o jàre."

Ikún so ó, ó fi ìda rẹ́ ẹ̀yìn oríkèé tí ọparun méjèèjì ti pàdé yípo, ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọnú rẹ̀. Òjò ti ṣú lókè odò. Òkété figbe ta, àwọn ẹranko tó kù ń gbè é:

Ikún, kọ́mọ jáde o,
Kíńdìnrín.
Àárín ẹnu méjèèjì nìda tèmi wà,
Kíńdìnrín.
Omi á bó tẹ̀yìn dànù,
Kíńdìnrín.

"Ẹ ò rí i? Nítorí ẹyìn ló ṣe ń sunkún!" Ikún ló wí bẹ́ẹ̀, kò sì kó ọmọ jáde.

Àgbàrá dé, ó bó ìda náà.

Láti ọjọ́ yẹn, àárín ni gbogbo ẹranko ń fi ìda sí, wọ́n ní ó ti pẹ́ táwọn ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ Ikún márùn-ún ló wọlé. Mẹ́rin kò jáde.