Èèrà Tó Dá Gbé Àgbàdo

Àlọ́ mi ru ẹrù títí, ó sọ̀ ọ́ sórí Èèrà olójúkòkòrò.

Òjò ń bọ̀, àká Èèrà ṣófo, ó wá rí hóró àgbàdo kan lọ́nà jíjìn. Tanpẹ́pẹ́ ní, "Bàbá Èèrà, ẹ jẹ́ ká jọ gbé e, ká jọ pín in."

"Pín kí ni? Ṣé ọrùn mi ti kán ni?"

Ó dá gbé e. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, á bù díẹ̀ jẹ, á kọrin, ẹ bá mi gbè é:

Ẹrù wúwo, ilé jìnnà o.
*Jẹ díẹ̀ sí i.*

Ó délé, èèpo ló kù.

Ìyàwó ní, "Baálé mi, àgbàdo dà?"

"Inú mi ni mo gbé e sí."

Ìyàwó ṣí àká. "Ẹ wọnú rẹ̀, kẹ́ ẹ jókòó. Bébi bá dé, a mọ ibi tá a ó ti bù jẹ."