Mo Wá Yọ Fọlágbadé Kúrò Nínú Ẹgbẹ́

Ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ já mi sílẹ̀ ní Àdìgbẹ, lẹ́nu ọ̀nà ilé Fọlágbadé. Àwa olólùfẹ́ ẹgbẹ́ la máa ń dìbò yan àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí wọ́n yọ ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ sọ ọ́ fún un lójúkojú, kó sì tẹ àtàǹpàkò mọ́ aago ọwọ́ ẹni náà, kí ìbò náà tó wọlé.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń pariwo lórí rédíò pé Fọlágbadé ti ń falẹ̀ jù, pé tá a bá fi ọmọ gíga Ìlọrin yẹn rọ́pò ẹ̀, a máa gba ife. Kò sẹ́ni tó lè bá mi jiyàn.

Ìyá ẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó gbé omi tútù fún mi, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o." Fọlágbadé fúnra ẹ̀ tiro jáde, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún mi tòun ti orúnkún tó wú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ọ́. Mò ń gbọ́."

Mo wolẹ̀. "Mo kàn ní kí n yà kí ẹ ni."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Gbogbo àwọn tó ti wá láti àárọ̀, wọ́n ní àwọn kàn yà kí mi ni."

Ó na ọwọ́ tí aago wà sí mi. "Ẹ tẹ̀ ẹ́. Aago ò ní bi yín bóyá ẹ sọ ọ́."

Ìyá ẹ̀ ń wò mí. Mi ò tíì mu omi ẹ̀ tán. Ojú gbà mí tì, mo sì tẹ̀ ẹ́.